Òrùka Tí Mo Fi Kún Igi

"Wọ́n ní odò yẹn..."

"Odò wo?"

"Odò mélòó la ní? Wọ́n ní ọmọ tó ń ka igi yẹn ló dìde láàárín ìpàdé, ó ní tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀..."

"Háà! Kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

"Ṣé mo wà níbẹ̀ ni? Ẹni tó sọ fún mi náà, wọ́n sọ fún un ni. Wọ́n ṣáà ní ó ní ká máa di ẹrù wa..."

"Èmi gbọ́ pé Ọ̀mọ̀wé ló fọ́ ọ létí tó fi dìde."

"Ẹ̀yin náà gbọ́ ìyẹn? Àbí ẹni tó bá ń ka igi láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé orí rẹ̀ á pé?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni ẹni kẹfà lórí ìlà níbi ẹ̀rọ omi, mo gbé korobá mi sí ẹsẹ̀, mo sì tẹ orí mi ba tí wọn ò fi dá mi mọ̀. Èmi ni ọmọ tó ń ka igi. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu mi. Àìtètè-sọ̀rọ̀ yẹn náà ló kó bá mi.

Ẹ̀yìn ilé ìlagi ni yàrá iṣẹ́ Ọ̀mọ̀wé wà. Obìnrin gíga kan ni, tó máa ń fi pẹ́ńsùlù há irun, tí á sì tún máa wá a kiri orí tábìlì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó bi igi léèrè bí òjò ṣe rọ̀ láwọn ọdún tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀. Ọdọọdún ni igi ibi tiwa ń fi òrùka kan kún ara rẹ̀ lábẹ́ èèpo. Bí òjò ọdún náà bá pọ̀, òrùka á fẹ̀. Bí ọ̀dá bá dá, á tín-ín-rín bí òwú. Tí wọ́n bá ti gé igi, a ó fi sáńpépà ha ojú rẹ̀ títí tí yóò fi máa dán bí àwo, a ó wá fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá kà á láti èèpo wọnú. Òrùka kẹwàá, àmì pẹ́ńsùlù kan. Àádọ́ta, àmì méjì. Ọgọ́rùn-ún, mẹ́ta. Lẹ́yìn náà la ó wọn ìbú òrùka kọ̀ọ̀kan, a ó kọ ọ́ sínú ìwé.

Èmi àti ọmọbìnrin akọ̀wé ìlú là ń ṣe é. Kíákíá ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí kò sí ohun tí kì í sáré ṣe, títí kan oorun. Òun ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Èmi, ilé ni mo ti kàwé. Ẹsẹ̀ mi ò dá nígbà tí mo wà ní kékeré, ilé ẹ̀kọ́ sì jìnnà, ni ìyá mi tó jẹ́ aránṣọ bá fi téèpù ìwọnṣọ kọ́ mi ní ìṣirò. Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló fi ìtàn kọ́ mi ní ìyókù. Bí mo bá fẹ́ ròyìn ohun tí ẹnì kan wí, á ní, "Bó ṣe sọ ọ́ ni kí o sọ ọ́. Má fi kún un, má sì yọ níbẹ̀."

Mi ò ní ìwé ẹ̀rí kankan. Ọ̀mọ̀wé sì ti ṣèlérí pé bí mo bá ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, òun máa kọ lẹ́tà sí ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ nípa igbó, kí wọ́n lè jẹ́ kí n ṣe ìdánwò ìwọlé. Lẹ́tà yẹn nìkan ni ọ̀nà tí mo ní. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ti ìforúkọsílẹ̀ pa.

Ní Sátidé tó ṣáájú rẹ̀, ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ ṣèpàdé. Wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ ìfami tuntun sí etí odò kí gbogbo ìlú máa mu níbẹ̀, kí wọ́n sì dí àwọn kànga àtijọ́ pa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi Ọ̀mọ̀wé: ṣé odò yìí gbẹ rí?

Abala igi mẹ́fà ló wà lórí tábìlì. Márùn-ún wá láti orí òkè, níbi tó jẹ́ pé omi òjò nìkan ni igi ń rí mu. Ẹ̀kẹfà wá láti bèbè odò gan-an. Inú omi ni gbòǹgbò rẹ̀ ń gbé. Òun ni ẹlẹ́rìí tí gbogbo wa ń dúró dè, èmi sì ni Ọ̀mọ̀wé gbé e fún.

"Bí iye rẹ ò bá bá tàwọn yòókù mu," ó wí fún mi, "má fọwọ́ kan nǹkan kan. Pè mí."

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, iye mi ò bára mu.

Bébà tóóró ni a fi ń mọ̀. Abala igi kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Níbi tí òrùka bá ti tín-ín-rín, a ó fa ìlà gígùn sórí bébà. Bí a bá tẹ́ bébà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà síra wọn, ìlà gígùn gbọ́dọ̀ kojú ìlà gígùn, torí òjò kan náà ló rọ̀ lé gbogbo wọn lórí. Tèmi bá tàwọn yòókù mu láti èèpo títí dé òrùka kọkànléláàádọ́ta. Láti ibẹ̀ wọnú, gbogbo rẹ̀ fi ẹyọ kan yẹ̀, bí ẹ̀wù tí wọ́n fi bọ́tìnì kan sínú ihò tí kì í ṣe tirẹ̀, tó wá wọ́ dé ìsàlẹ̀.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Òrùka kan ló dín.

Ọ̀mọ̀wé wà ní yàrá kejì, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù. Mo dìde, mo dé ẹnu ọ̀nà, mo padà. Mo tún dìde. Kí ni mo fẹ́ wí? Pé ọmọ tí ò lọ ilé ẹ̀kọ́ ò mọ̀ ọ́n kà?

"O kàn ń lọ ń bọ̀ bí adìẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí," Kíákíá wí. "Kí ló dé?"

Mo fi hàn án.

"Ẹyọ kan péré?" Ó pòṣé. "Ojú ẹ ló fò ó. Gbogbo igi orí òkè ló ní òrùka kejìléláàádọ́ta. Ó tín-ín bí irun, àmọ́ ó wà níbẹ̀. Fa ìlà kan síbẹ̀, kọ iye kan sí i, ká máa lọlé."

"Iye wo?"

"Wo ti iwájú, wo ti ẹ̀yìn, kí o mú àárín. Ṣé igi máa pè ọ́ lẹ́jọ́ ni?"

"Ọ̀mọ̀wé ní ká pe òun."

"Pè é nígbà yẹn! Kó lè mọ̀ pé ẹni tóun fẹ́ kọ lẹ́tà fún ò lè ka ení, èjì."

Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí níbi tó ti ń dùn mí tẹ́lẹ̀. Mo mú pẹ́ńsùlù. Mo fa ìlà tín-ín-rín kan sójú igi, lẹ́yìn àmì méjì tó dúró fún àádọ́ta, mo sì kọ ìbú rẹ̀ sínú ìwé: milimítà méjì. Nígbà tí mo tún tẹ́ bébà síra wọn, gbogbo ìyókù wọnú ara wọn bí eyín síìpù.

Ọ̀mọ̀wé wọlé, ó wo bébà, inú rẹ̀ dùn. Ó fọwọ́ sí lẹ́tà mi níṣojú mi. "Èmi fúnra mi ni màá gbé e lọ lọ́jọ́ Ajé," ó wí, ó sì tì í bọ inú báàgì rẹ̀.

Mo dúpẹ́. Ọpẹ́ náà korò lẹ́nu mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, mò ń bá Màmá Àgbà ká aṣọ lórí okùn.

"Màá lọ sí ìpàdé odò lọ́la," ó wí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìyẹn níbẹ̀."

Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ ọ́ pé odò gbẹ rí, pé òun fẹsẹ̀ rìn gba àárín rẹ̀ kọjá. Àwọn aráàlú ti fi sọ ọ́ lórúkọ: Ìyá Odò-gbẹ. Wọ́n á ní àgbà ti ń dà á láàmú. Kí n má parọ́, nígbà míì tí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀ ní títì, mo máa ń rìn sẹ́yìn díẹ̀ kí wọ́n má bàa mọ̀ pé tèmi ni.

"Mi ò ní la ẹnu. Etí nìkan ni mò ń gbé lọ." Ó na etí aṣọ ìbùsùn kan sí mi kí n mú un. "Ta ló tiẹ̀ máa gbà mí gbọ́? Oyún bàbá rẹ wà nínú mi nígbà náà, mo tóbi bí àgbá. Àárín odò gan-an ni mo ti jókòó lórí òkúta, mo ń gba atẹ́gùn. Ẹrẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́ bí àwo tó fọ́. Oṣù kejì lẹ́yìn rẹ̀ ni mo bí i."

Etí aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni. Ìparí ọdún tó kọjá ni wọ́n gé igi náà. Mo fi ìka kà á, mo tún un kà. Òrùka kejì lẹ́yìn àmì méjì.

Ojú mi ò fò ó. Kò sí níbẹ̀ ni.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Kò sí nǹkan, mà."

"Kò sí nǹkan kì í já aṣọ gbà lọ́wọ́ èèyàn," Màmá Àgbà wí, ó sì bẹ̀rẹ̀, ó mú aṣọ náà nílẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, mo sáré lọ sí yàrá iṣẹ́ kí n lè bá Ọ̀mọ̀wé kó tó lọ. Àgádágodo ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti kó igi lọ sí gbọ̀ngàn ìpàdé. Bí mo ṣe débẹ̀, Kíákíá fa apá mi.

"Ojú ẹ ti pọ́n jù. Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ sọ fún Ọ̀mọ̀wé."

"Lónìí? Lẹ́tà ẹ wà nínú báàgì rẹ̀, ó ti fọwọ́ sí i! Fara balẹ̀ di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kó lọ fi í sílẹ̀ ná. Lẹ́yìn ìyẹn, kí o máa jẹ́wọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Mo dúró. Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Mo wọlé, mo fara ti ògiri.

Alága ń ka ìwé Ọ̀mọ̀wé sókè: "Ní ọdún méjìléláàádọ́ta sẹ́yìn, ọ̀dá ńlá mú àwọn igi orí òkè. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn kan náà, igi bèbè odò fi òrùka tó sanra kún ara rẹ̀. Omi ò wọ́n ọn. Odò kò gbẹ."

"Ìyá Odò-gbẹ!" ẹnì kan kígbe láàárín èrò. "Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí igi wí?"

Gbọ̀ngàn hó fún ẹ̀rín. Màmá Àgbà wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ó kàn wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù síbẹ̀.

Ọwọ́ ara mi ni mo wò. Òun ló fa ìlà yẹn. Milimítà méjì tí mo hùmọ̀ lórí àga ló dìde jẹ́rìí èké mọ́ Màmá Àgbà lójú gbogbo ìlú.

"Ó dáa," Alága wí, ó ṣí bírò. "Tí kò bá sí àtakò, mo fẹ́ fọwọ́ sí i pé ká dí àwọn kànga."

Mi ò mọ ìgbà tí mo kúrò lára ògiri. Mo ti dé àárín, etí mi ń hó bí ìkòkò lórí iná. Mo sọ̀rọ̀. Mi ò lè rántí bí mo ṣe tò ó. Mo kàn mọ̀ pé nígbà tí mo sọ ọ́ tán, bírò Alága ti dúró lójú ìwé.

Ọ̀mọ̀wé ò pariwo. Ó dìde, ó fi rọ́bà pa ìlà pẹ́ńsùlù náà rẹ́, ó gbé ojú lé awò. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo gbọ́ tí ọmọ ọwọ́ kan wúkọ́. Ó pẹ́ sí i.

"Kò sí níbẹ̀," ó wí níkẹyìn. "Igi yìí fo ọdún kan. Ọ̀dá lè mú igi débi tí kò ní lè ṣe òrùka rárá. Ṣùgbọ́n igi tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú omi..." Ó yíjú sí èrò. "Kí òùngbẹ tó lè gbẹ igi yìí báyìí, àfi kí odò fúnra rẹ̀ ti gbẹ. Màá gé abala mìíràn lára kùkùté rẹ̀ kó lè dá mi lójú. Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dí kànga yín lónìí." Ó tún wo èrò yíká. "Ṣé ẹnikẹ́ni wà níbí tó rántí ọdún yẹn?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Lọ́kọ̀ọ̀kan, orí bẹ̀rẹ̀ sí í yí síbi bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn.

Níta, Ọ̀mọ̀wé mú lẹ́tà mi jáde, ó ya á sí méjì. Mo wò ó títí ó fi ya á tán.

"Mi ò lè kọ ọ́ lọ́dún yìí pé iṣẹ́ rẹ ṣeé gbára lé," ó wí. "O mọ̀ ọ́n, èmi náà mọ̀ ọ́n. Ká ní o pè mí ní Ọjọ́bọ̀, òrùka tí ò sí yẹn ni ì bá gbé ọ wọlé."

"Ẹ má bínú, mà."

"Mò ń bínú. Lọ́jọ́ Ajé, kí o tètè dé. Abala mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, láti èèpo. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, a ó tún ọ̀rọ̀ lẹ́tà sọ."

Kíákíá náà gbọ́ pé wọ́n máa tún gbogbo rẹ̀ kà. Ó ní òun ò lè ka nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò padà wá.

Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé láàárọ̀ kùtù ọjọ́ Ajé, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń múra àtilọ forúkọ sílẹ̀, ìlà omi ni mo wà pẹ̀lú korobá kí n tó lọ síbi iṣẹ́, tí mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi tiwọn kún ọ̀rọ̀ mi. Mi ò lè bínú sí wọn tó bó ṣe yẹ. Ohun tí mo ṣe fún igi náà ni wọ́n ń ṣe fún mi: ibi tí wọn ò rí, wọ́n ń fa ìlà síbẹ̀.

"Wọ́n tiẹ̀ ní ó ní gbogbo wa la máa..."

"Ẹ kú ìdúró o."

Màmá Àgbà ló dé, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ àti kẹ́tùlù kékeré.

"Ẹ káàárọ̀, mà," obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ wí. "Ẹ má bínú o. A ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí wọ́n ní ó wí la ń..."

"Wọ́n ò sí níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀." Ó gbé kẹ́tùlù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ korobá mi, ó sì fi ọwọ́ lé mi léjìká, tí gbogbo wọn fi rí ẹni tí mo jẹ́. "Ọmọ mi rèé. Mi ò ní fi kún un, mi ò sì ní yọ níbẹ̀. Ó ní: 'Ẹ má fọwọ́ sí i. Mo fi òrùka kan kún igi yẹn. Pẹ́ńsùlù mi ni mo fi fà á. Igi náà ò ní òrùka ọdún yẹn. Ojú tì mí láti sọ pé mi ò rí i, ni mo bá kọ ohun tí mi ò rí.'"