Àwòrán Tí Ṣìmí Rà Fún Ìyá Rẹ̀

"Ta ló máa mọ̀?" Hasanat, ọ̀rẹ́ Ṣìmí, bú sẹ́rìn-ín. "Àwòrán tí ò lórí, tí ò lẹ́sẹ̀! Ṣebí pupa náà ni pupa."

Ṣìmí dúró ní ibùdókọ̀ Benson, káàdì fóònù tí àwòrán wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ kan, owó tí ìyá rẹ̀ fún un lọ́wọ́ kejì. Nehemiah, bàbá rẹ̀, ló ya àwòrán náà kó tó kú: kò sí igi, kò sí ènìyàn níbẹ̀, àwọ̀ lásán tó ń ru bí ọ̀sà. Wọ́n ti ta ojúlówó rẹ̀ san owó ilé ìwòsàn, ẹni tó rà á sì ti gbé e sọdá òkun. Ẹ̀dà tí wọ́n bá tẹ̀ láti inú káàdì yẹn nìkan ni ìyá lè rí. Ó sì ti kìlọ̀: "Ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ń fi bébà òwú tẹ àwòrán ni kí o lọ o. Wọ́n ní íǹkì tiẹ̀ kì í ṣá títí ọmọ ọmọ ẹni á fi bímọ."

Ṣùgbọ́n bàtà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ wọ̀ lọ síbi ayẹyẹ ìjáde ilé ìwé ń wu Ṣìmí. Ó yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń tẹ bánà òkú lẹ́bàá títì, ó fi owó tó kù ra bàtà.

Nílé wọn ní Ẹ̀pẹ́, ìyá gbé àwòrán kọ́ sára ògiri, ó dúró tì í. "Nehemiah, o wálé."

Kò pé oṣù mẹ́rin tí pupa fi dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran. Búlúù di eérú.

"Èéfín ẹja mi ni," ni ìyá ń wí. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi bà á jẹ́." Ló bá wó ààrò tó fi ń yan ẹja lẹ́yìn ilé. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ọjà Olúwo wá ẹlòmíì lọ. Àṣẹ̀yìnwá àṣẹ̀yìnbọ̀, ìyá ń ha ìpẹ́ ẹja fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tí Ṣìmí bá a nídìí ìpẹ́ yẹn ni ó kúnlẹ̀. "Màámi, kì í ṣe èéfín. Èmi ni. Ọ̀dọ̀ oníbánà ni mo ti tẹ̀ ẹ́, mo fi owó tó kù ra bàtà."

Ìyá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Káàdì ńkọ́?"

"Mo gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Mo ti padà lọ, mà. Wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀bù yẹn. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí oníbánà náà kó lọ."

Ìyá ò nà án, kò sì ṣépè. "Bàtà ò bí mi nínú. Ṣùgbọ́n ìṣojú ẹ ni mo ṣe wó ààrò mi, Ṣìmí. Ìwọ lo bá mi kó amọ̀ rẹ̀ dànù."

Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó ń ha ìpẹ́ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, irọ́ kì í wúwo lọ́jọ́ tí a pa á. Ìgbà tí ẹlòmíì bá ń rù ú fún wa ló ń wúwo. Òtítọ́ tó pẹ́ kó tó dé, ọjà á ti tú kó tó pàtẹ.