Agolo Kejì Lẹ́yìn Ilé

Ẹ má pè é ní àlọ́ o. Mi ò ní í purọ́ mọ́ àgbàlagbà. Aago ọwọ́ mi ṣì wà lórí tábìlì bàbá kan bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó ti tú u. Mi ò sì ní í lọ gbà á.

Bàbá Aláago ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ló ti ń tún aago ṣe, pẹ̀lú dígí kékeré kan tó máa ń há sójú ọ̀tún. Iṣẹ́ tí kì í fẹ́ kéèyàn dìde ni. Bí o bá tú aago sílẹ̀, tí o sì dìde lójijì, atẹ́gùn aṣọ rẹ lásán lè gbé irin inú rẹ̀ kan tó kéré ju hóró ata lọ. Ó parí nìyẹn, wàá fi orúnkún wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ojú ìyàwó rẹ̀ ti fọ́ láti bí ọdún mẹ́ta. Àwọn ọmọ ti lọ, kálukú ti wà níbi tirẹ̀. Ó ku àwọn méjèèjì nínú ilé, wọ́n sì ń pe ara wọn ní Bàbá àti Màmá bí àwọn ọmọ ṣe ń pè wọ́n.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fà mí lọ́wọ́."

"Mò ń bọ̀."

Kò ní í lọ. Aago wà lọ́wọ́. Màmá á dúró, á tún pè. Lọ́jọ́ kan ó dìde fúnra rẹ̀, ó forí gbá férémù ilẹ̀kùn, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Ó dun Bàbá wọ akínyẹmí ara. Ọjọ́ kejì ló lọ ra ajá.

Sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń sin ajá tà, ló tà á fún un. Òun náà ló kọ́ Bàbá bí wọ́n ṣe ń kọ́ ajá.

"Nǹkan kan, orúkọ kan, èrè kan. Bó bá ti gbé e wá, ẹ mi agolo, kí ẹ fún un ní bisikíìtì. Ẹ má fo ọ̀kankan o, ẹ má sì yí ètò rẹ̀ padà. Ajá ò mọ ẹni tó rà á, Bàbá. Ẹni tó ń fún un lérè ló mọ̀."

Bàbá sọ ajá náà ní Tanimọ̀la. Sálúbàtà Màmá ló kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ó gbà á ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lẹ́yìn ìyẹn, ìborùn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyarun. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pá tó fi ń rìn. Agolo mílíìkì tí bisikíìtì wà nínú rẹ̀ á dún ṣáká-ṣáká, ajá á sáré wá, ìrù rẹ̀ á máa na ẹsẹ̀ àga. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ wò ó, èyí gbọ́ràn ju àwọn ọmọ tí mo bí lọ!"

Ìgbà náà ló wá kọ́ ọ ní ìkarùn-ún. "Mú Màmá wá." Ajá á fi eyín di etí aṣọ Màmá mú, á rọra fà á láti yàrá wá síbi tí Bàbá jókòó sí. Bàbá ò tiẹ̀ ní í gbójú kúrò nínú aago. Èyí ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù. "Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ni," ló sọ fún mi. "Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, mi ò lè dìde."

Ọ̀sán gangan lọ́jọ́ kan, sálúbàtà di àwátì. Wọ́n wá a títí. Lọ́jọ́ kẹta, ìborùn. Bàbá bínú sí ajá náà, ó pè é, ó mi agolo. Ajá wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ bisikíìtì. Ó ti ń jẹ nǹkan lẹ́nu. Bàbá ya ẹnu rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àfi òórùn ẹran tútù, àti òórùn ilẹ̀ tí oòrùn kì í dé. Bẹ́ẹ̀ ni ajá náà ń sanra sí i.

Nígbà tí ìyarun lọ, Màmá ló sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

"Bàbá, ṣé ẹ ti ra agolo mìíràn ni?"

"Agolo wo?"

"Èyí tí ẹ ń mì lẹ́yìn ilé lọ́sàn-án. Ó dùn ún gbọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ."

Bàbá wo agolo rẹ̀ lórí tábìlì.

Lọ́jọ́ kejì ó jókòó, ó ń ṣọ́ ajá. Ilé dákẹ́. Aago nìkan ló ń dún. Lójijì ajá na etí, ó dìde, ó lọ gbé ọ̀pá Màmá, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Bàbá tẹ̀ lé e. Ilé kan wà lẹ́yìn tiwọn tí wọn ò kọ́ parí, kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ajá wọlé, Bàbá wọlé.

Sálúbàtà méjèèjì wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀. Lápá òkè, ìborùn wà níbẹ̀. Wọ́n ti wé e, ó sì rí rogodo bí ìgbà tí orí wà nínú rẹ̀. Ìyarun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ajá gbé ọ̀pá sílẹ̀ síbi tí ọwọ́ ọ̀tún yẹ kó wà. Àárín ṣófo. Ó gùn tó Màmá gẹ́lẹ́. Nínú eruku ilẹ̀, ipa ẹsẹ̀ ajá nìkan ló wà.

Agolo dún nínú yàrá kejì. Ṣáká-ṣáká.

Àgbà kì í sáré inú ẹ̀gún lásán. Bàbá sáré. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ti Tanimọ̀la yàtọ̀: fèrè ọdẹ méjì ló ń gbọ́. Ohun mẹ́rin ti lọ, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Bàbá mọ ìkarùn-ún. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Kò sọ fún Màmá, kó má baà já a láyà. Ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ó so ajá mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀. Ọjọ́ méjì kọjá, kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹta ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ó fa aago tèmi mọ́ra, ó tú u. Ó há dígí sójú.

Agolo dún lẹ́yìn ilé, lẹ́ẹ̀kan péré. Ó gbọ́ ẹ̀rín Màmá láti yàrá.

"Rọra, rọra, ajá mi. Mò ń bọ̀. Bàbá ló rán ẹ wá, àbí?"

Bàbá fẹ́ dìde. Nǹkan kan lọ́ wọ́ọ́rọ́ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wolẹ̀. Tanimọ̀la ló gbé àgbọ̀n lé e lẹ́sẹ̀, okùn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń wo agolo bisikíìtì.

Ó dìde, aago mi fọ́n ká. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Yàrá ti ṣófo. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ gbayawu, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò rẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò wá a, àwọn ọlọ́pàá wá a. Inú ilé tí wọn ò kọ́ parí yẹn, eruku ni wọ́n bá. Sálúbàtà pàápàá ò sí níbẹ̀ mọ́.

Bàbá wá tú ajá sílẹ̀. Ó mi agolo, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Mú Màmá wá! Tanimọ̀la, jọ̀ọ́, mú Màmá wá!" Ajá jáde. Sálúbàtà ló gbé dé, ó tutù rinrin. Lọ́jọ́ kejì, ìborùn. Lọ́jọ́ kẹta, ìyarun. Orí ìkíní ló ti bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kẹrin ni mo lọ gba aago mi. Ojú mi báyìí ni ajá ṣe gbé ọ̀pá wọlé. Bàbá fún un ní bisikíìtì. Ìgbà náà ló sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, ó wá gbé agolo mọ́ àyà.

"Ó ku ọ̀la," ló wí. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kí n mì í?"

Mo ní mò ń bọ̀, mo jáde. Mi ò padà títí di òní.

Àwọn tó ń gbé lójúlé kejì ní agolo dún lọ́jọ́ kejì, àti pé láti ìgbà náà ni ìró sálúbàtà ti ń dún nínú ilé náà padà, láràárọ̀, láti yàrá dé iwájú. Wọ́n ní Bàbá ò tún aago ṣe mọ́. Bí wọ́n bá kí i láti ojú fèrèsé, kì í dáhùn. Ajá náà kò sì wọlé mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló ń sùn sí.