Ọwọ́ Òsì Sìlífátù

Ọwọ́ òsì ni Sìlífátù fi mú pẹ́ńsùlù náà. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, n kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n láti kíláàsì kìíní ní sẹ́kọ́ńdìrì ni àwa méjèèjì ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń ṣe ohun gbogbo. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ kàn án, mo bi í pé kí ló ṣe ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó wo ọwọ́ náà níbi tó gbé e lé itan bí ẹni ń wo ẹrù ẹlẹ́rù. Ó ní kò ṣe nǹkan kan, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọdún 1983 ni. Ìdánwò JAMB là ń múra sí, èyí tí ènìyàn gbọ́dọ̀ yege kí yunifásítì kankan tó lè gbà á. Kì í ṣe ìdánwò tí a ń kọ̀wé gùn sí. Ìdáhùn mélòó kan máa ń wà níwájú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ènìyàn á yan ọ̀kan, á fi pẹ́ńsùlù kun ojú ihò kékeré rẹ̀ dúdú, kọ̀ǹpútà ni yóò sì máàkì rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó rí kọ̀ǹpútà rí. Bùròdá Dìran, olùkọ́ tó ń kọ́ wa lọ́sàn-án nínú yàrá kan ní Aké, kò rí i rí náà, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé àna rẹ̀ ni. Ó ní kì í wojú, kò mọ ọmọ ẹni tí ènìyàn í ṣe, orúkọ tí a bá kọ àti ibi tí a bá kùn nìkan ló máa ń rí. Nítorí náà ló ṣe tẹ ìwé òfìfo fún wa, tí a fi ń kọ́ bí a ṣe ń kun ihò.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Sìlífátù ti ṣe ìdánwò yìí tí kò yege. Iṣẹ́ apòògùn òyìnbó ló fẹ́ kọ́. Ìyá rẹ̀, Alhaja Bùsírátù, ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, orúnkún rẹ̀ sì ti ń dùn ún. Ó ti wá là á mọ́lẹ̀ pé èyí ni àṣemọ: bí ọmọ náà kò bá tún yege, kó gbàgbé ìwé, kó wá jókòó ti ṣọ́ọ̀bù. Sìlífátù bẹ̀rù ṣọ́ọ̀bù yẹn gidigidi. Ó máa ń sọ fún mi pé bí òun bá wọ ibẹ̀, òun kò ní jáde mọ́ láyé.

Alhaja fúnra rẹ̀ ló ní ká lọ sọ́dọ̀ Àáfà Mọ́ṣúdù ní Kóbítì fún iṣẹ́ ìsọ̀yè, kí ohun tí ọmọ náà bá kà lè máa dúró sí i lórí. Ọmọ kátíkíìsì ni mí. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi bá ọ̀rẹ́ mi lọ, ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan ni Àáfà náà, èékánná rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó gbé wàláà rẹ̀, pátákó ìkọ̀wé àwọn àáfà, lé ẹsẹ̀, ó kọ ẹsẹ Kùránì sí i, ó wá béèrè orúkọ. Orúkọ ẹni àti ti ìyá tó bí ẹni ni wọ́n fi ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ènìyàn lè jiyàn bàbá, ṣùgbọ́n ta ló máa jiyàn ìyá? Ọ̀rẹ́ mi ní òun ni Sìlífátù ọmọ Bùsírátù. Àáfà bi í bóyá Bùsírátù ló bí i gan-an. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni ì bá tún bí òun.

Àáfà kọ ọ́. Ó fi omi fọ wàláà náà sínú abọ́ funfun, omi dúdú ṣàn sínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní hàntú. Ó tẹ orí ba abọ́, ó pe orúkọ náà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Sìlífátù ọmọ Bùsírátù. Ohùn ọmọdé kan sì jẹ́ ẹ lẹ́yìn wa, "Sà!" Mo yíjú padà. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn wa àfi ògiri. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ àwọn ará ilé kejì ni, Sìlífátù sì gbé hàntú mu tán, ó fún ojú pọ̀ nítorí kíkorò rẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì ni ọwọ́ òsì ti bẹ̀rẹ̀. Kí Bùròdá Dìran tó ka ìbéèrè tán, Sìlífátù á ti kun ìdáhùn. Gbogbo rẹ̀ ló máa ń gbà. Inú olùkọ́ wa dùn débi pé ó ní ká pàtẹ́wọ́ fún un, a sì pa á. Èmi tí mo jókòó tì í nìkan ni n kò rí ìdùnnú kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Òórùn káfúrà ń jáde lára rẹ̀, irú káfúrà tí àwọn Mùsùlùmí ń fi tọ́jú òkú. Nínú ooru ọ̀sán tó ń mú wa, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ara àmù. Ó sì ń mi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lábẹ́ bẹ́ǹṣì, síwá sẹ́yìn, bí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tólẹ̀. Sìlífátù ga jù mí lọ.

Lọ́jọ́ kan tí à ń darí lọ sílé, ó dúró ní gbalasa kan ní Kóbítì, ó bi mí pé ta ló gé igi máńgòrò ibẹ̀. N kò rí igi kankan níbẹ̀ rí. Bàbá arúgbó kan tó ń rán fìlà létí ọ̀nà gbé ojú sókè, ó ní ta ló sọ ìtàn igi yẹn fún wa, pé wọ́n ti gé e kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú wa. Sìlífátù ti ń rìn lọ. Nígbà tí a rìn síwájú díẹ̀, ó di apá mi mú, ó sì sọ̀rọ̀ ní ohùn kékeré.

"Títí, ẹnì kan ń kàwé nínú mi. Nígbà tó bá ń kà á, mi ò sí níbẹ̀."

Mo bi í pé ibo ló máa ń wà.

"Ibẹ̀ há. Òkè ni mo ti máa ń gbọ́ ohùn yín."

Ìgbà ìkẹyìn tí mo gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ mi nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ ọ́n sí ìgbẹ̀yìn nígbà náà.

Mo lọ bá Alhaja ní Ìtòkú. Ó ń ká aṣọ. Mo sọ fún un pé Sìlífátù ti ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé, àdìrẹ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi mí bóyá ó máa ń mi ẹsẹ̀ bó bá jókòó. Bẹ́ẹ̀, n kò tíì sọ ti ẹsẹ̀ fún un. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó jókòó lé orí àwọn aṣọ tó ń tà, ó fi etí ìborí bo ẹnu, ó sì rojọ́ náà fún mi.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí láyé rẹ̀, Sìlífátù lorúkọ rẹ̀, ọlọ́wọ́ òsì sì ni. Wọ́n máa ń fi ọ̀já di ọwọ́ òsì yẹn mọ́ ọn nídìí kó lè kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀tún jẹun, ọmọ náà á sì tú u. Ilé ìwé ló ń sunkún sí ju oúnjẹ lọ. Wọ́n ti ra sílétì fún un, wọ́n ti rán aṣọ, ibà sì mú un lọ kí ilé ìwé tó wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ rẹ̀, Alhaji Sàlàhúdíìnì, fẹ́ ọmọge kan láti Ọ̀fàdà. Ọmọge náà bí obìnrin, ó kú lórí ìkúnlẹ̀. Alhaja gbé ọmọ náà, ó sọ ọ́ ní orúkọ ọmọ tirẹ̀ tó lọ, ó sì tọ́ ọ bí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Gbogbo agbo ilé pa ẹnu mọ́, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ sọ fún ọmọ òrukàn pé òrukàn ni. Bí ọ̀rẹ́ mi ṣe lọ jókòó níwájú wàláà nìyẹn, tó fi tọkàntọkàn dárúkọ ìyá tí kì í ṣe tirẹ̀.

Mo sáré padà sọ́dọ̀ Àáfà. Nígbà tó gbọ́ ọ tán, ó da wàláà rẹ̀ dojú bolẹ̀.

"Òkú ni mo pè," ló wí. "Ó sì ti jẹ́ mi. Lọ mú orúkọ ìyá tó bí èyí tó wà láàyè wá, màá tún wàláà kọ, màá pe ẹni tó ni ara. Ṣùgbọ́n kó tó wọ ìdánwò ni o. Bí ìyẹn bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ náà síbi tí ayé ń tọ́jú orúkọ sí, ó ti di tirẹ̀."

Ta ló mọ orúkọ obìnrin náà? Alhaji ti kú. A kì í pe ìyàwó ilé lórúkọ lọ́dọ̀ wa. Ìyàwó Ọ̀fàdà ni gbogbo àwọn ìyá àgbà ilé náà ń pè é, kò sì pẹ́ tó láti di ìyá ẹnikẹ́ni lẹ́nu wọn. Mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀fàdà. Ìrẹsì ni wọ́n sá sórí ẹní káàkiri, wọ́n sì dá mi lóhùn dáadáa, ṣùgbọ́n èwo nínú àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ti fi fọ́kọ l'Ábẹ́òkúta ni mo ń wí? Ilé kan tí wọ́n rò pé ó lè jẹ́ ti àwọn òbí rẹ̀ ti wó, àwọn ará ibẹ̀ ti fọ́n ká. Eruku nìkan ni mo mú bọ̀. Ohun tí mo ń wá lọ sí Sókótó, ẹnu Alhaja ló wà, ìyáálé kò ní ṣàì mọ orúkọ ìyàwó.

Ìdánwò ku ọ̀la nígbà tí mo dé ilé wọn lọ́sàn-án. Alhaja àti Sìlífátù jókòó sórí ẹní, wọ́n ń jẹ ẹ̀bà. Ọwọ́ òsì ni ọmọ náà fi ń bu òkèlè, Alhaja sì ń yọ egungun ẹja fún un. Kò sí ẹni tó bá a wí. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí Àáfà wí, mo ní kí Alhaja jọ̀ọ́, orúkọ kan péré ni mo wá gbà lẹ́nu rẹ̀.

"Títí," ló wí, kò sì gbé ojú sókè, "ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ṣé o fẹ́ kí n tún tìtorí orúkọ sin ọmọ mi lẹ́ẹ̀kejì ni?"

"Èyí tí ẹ tọ́ ńkọ́, Alhaja? Ẹ̀yin náà ló ń pè ní ìyá."

Alhaja sunkún gan-an, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀, Ọlọ́run mọ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀. "Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo lóyún rẹ̀," ló wí, ó sì yọ egungun mìíràn. Ọmọ náà wò mí, ó lá ìka ọwọ́ òsì rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Inú bí mi débi pé mo dìde láìkí àgbà. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n mo ṣe é, n kò sì tíì tọrọ gáfárà títí dòní.

Ìjókòó mi kò jìnnà sí tirẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Mo rí i tó ń kọ orúkọ, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, ahọ́n rẹ̀ yọ díẹ̀ láàárín eyín bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó mí kanlẹ̀. Òórùn káfúrà tó ti bo gbogbo àyíká wa kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í kun ihò, kò sì gbé orí sókè títí wọ́n fi gba ìwé.

Èsì jáde. Èmi ò yege lọ́dún yẹn. Ti Sìlífátù ga débi pé Bùròdá Dìran ń fi í yangàn káàkiri Aké, ó ní kọ̀ǹpútà kì í ṣe ojúsàájú.

Páàkì Kútò ni mo ti rí i kẹ́yìn, lọ́jọ́ tó ń wọkọ̀ lọ sí yunifásítì l'Ékòó. Mo rò pé n kò ní lọ, ẹsẹ̀ mi ló gbé mi lọ. Alhaja wà níbẹ̀ nínú léèsì tuntun. Ọmọ náà rí mi, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, àǹtí," ló wí. Ọjọ́ orí kan náà ni wá, Sìlífátù kò sì pè mí ní àǹtí rí.

Mo na ọwọ́ láti gbé e dìde. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tó ti ń rọ̀ dirodiro látọjọ́ tó ti mu hàntú, ló dé bá tèmi. Ó gbóná. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fún un pinpin, kò sì fẹ́ fi mí sílẹ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀, mo pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì ń sunkún láàárín páàkì. Ọmọ náà ń wo ọwọ́ náà tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó wá fi ọwọ́ òsì ká àwọn ìka náà kúrò lára tèmi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù.

"Ẹ má bínú, àǹtí," ló wí. "Kò tíì máa gbọ́ràn ni."

Ó fa ọ̀já àdìrẹ kan yọ nínú báàgì. Alhaja bá a fi di ọwọ́ ọ̀tún yẹn mọ́ ọn nídìí, ó ta á ní kókó méjì, ó sì fa ìborí bò ó. Ọkọ̀ ṣí. Alhaja ń juwọ́ sí i títí ó fi yí kọ́nà, ó ń sọ fún àwọn èrò pé Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà òun.