Abẹ́rẹ́ Tó Kọ Àríwá

Ó ṣojú mi kòró. Orí mi pé, n kò sì fẹnu kan wáìnì lọ́jọ́ náà.

Àwọn onímọ̀ ní Ljubljana, olú ìlú wa, ló ní kí ará ìlú bá àwọn fi fóònù díwọ̀n agbára òòfà ilẹ̀ ayé. Ẹ̀gbọ́n mi Jerneja, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́tà pínpín, gbà á bí eré. Ó fa èmi náà wọ̀ ọ́.

Ọ̀sán ni. A lọ sí pápá olókùúta ẹ̀yìn abúlé, níbi tí ihò abẹ́ ilẹ̀ pọ̀ ju ilé lọ. Mo dúró lápá kan, ó dúró lápá kejì, kálukú pẹ̀lú fóònù rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ atọ́ka àríwá wà lójú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ líle tí à ń pè ní burja, tó ti ń fẹ́ láti àárọ̀, dákẹ́ lójijì. Ẹyẹ kan kò ké.

"Darinka! Ibo ni abẹ́rẹ́ tìẹ kọjú sí?"

"Síbi igi ọ̀pọ̀tọ́."

"Tèmi náà!"

Àárín wa ni igi náà wà. Kò lè jẹ́ àríwá fún àwa méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n, bóyá irin wà nínú àpò yín."

"Irin wo? Búrẹ́dì àti wàràkàṣì ni, ọ̀jẹun!"

Abẹ́rẹ́ mi yí. Ó rọra ń yí, bí ìka ẹni tó ń tọ́ka sí ẹni tó ń rìn. N kò rí ẹnikẹ́ni. Koríko kò mì.

"Ó ń rìn," ni Jerneja wí. Kò pariwo mọ́.

"Ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀. Ẹ sá!"

Kò sá. Ó tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀. "Tèmi ń yí po. Darinka, ó ti dé."

Mo sáré lọ fà á lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí òkúta inú kànga.

Nílé, kò lè jẹun. Mo yọ fóònù mi wò. Òun ni abẹ́rẹ́ kọjú sí. Ó kúrò nídìí tábìlì lọ sójú fèrèsé. Abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e.

"Ibo ló kọjú sí?" ló bi mí.

"Àríwá ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ojoojúmọ́ ló ń bi mí. Ojoojúmọ́ ni mò ń purọ́.

Lánàá, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Koper. Inú mi dùn, mo ní ilé ti fúyẹ́. Mo yọ fóònù wò.

Abẹ́rẹ́ kò kọjú sí Koper. Kò kọjú sí àríwá. Ilẹ̀kùn yàrá Jerneja ló kọjú sí.

Mo dúró.

Bẹ́ẹ̀dì inú yàrá náà dún, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń dìde.