Ẹni Tó Jáde Nínú Ihò Òkè

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mo lè purọ́ lórí ọjọ́ orí mi, n kì í purọ́ lórí ohun tó ń já mi láyà. Ẹni tó bá ní àlọ́ ni mò ń pa, kó lọ dúró lẹ́nu ihò náà fúnra rẹ̀, kó na ike omi sínú òkùnkùn, kó wá padà wá ròyìn fún wa.

Ìdíje kẹ̀kẹ́ ni, irú èyí tí wọ́n ń gùn láti ìlú kan dé òmíràn lójoojúmọ́, tí ọ̀sẹ̀ á fi gorí ọ̀sẹ̀. Ẹ ó rí géńdé ọkùnrin tó fá irun ẹsẹ̀ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, tó wọ ṣòkòtò tó fún mọ́ ọn bí èèpo ẹ̀wà, tó ń sáré gun òkè tí ewúrẹ́ á kọ́kọ́ rò lẹ́ẹ̀mejì. Owó oṣù ni wọ́n ń gbà síbẹ̀ o. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á nà gbalaja sórí tábìlì Àǹtí Elépo.

Àǹtí Elépo ló ń fi òróró wọ́ ẹsẹ̀ fún wọn ní òtẹ́ẹ̀lì. Òun náà ló ń dúró létí títì, tó ń na ike omi sí wọn bí wọ́n bá ń sáré kọjá. Ó mọ ẹsẹ̀ wọn ju bí ìyàwó wọn ṣe mọ ojú wọn lọ. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, wà nínú wọn. Eégbọn ni gbogbo ẹgbẹ́ ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu. Kì í ṣíwájú láéláé. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ló máa ń lẹ̀ mọ́, kí onítọ̀hún máa fàyà gba afẹ́fẹ́, kí òun máa jẹ̀gbádùn.

Kí wọ́n tó kúrò nílé, ìyá wọn di ọwọ́ Àǹtí Elépo mú. "Ẹ̀yin méjì lẹ jọ ń lọ. Ẹ̀yin méjì ni kẹ́ ẹ jọ bọ̀."

Lọ́jọ́ òkè gíga, ọ̀nà gba inú ihò kan kọjá, ihò tí wọ́n gbẹ́ la inú òkè já. Kò sí iná níbẹ̀. Gbogbo wọn wọlé gìrọ́gìrọ́, Eégbọn ló kẹ́yìn. Ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni Eégbọn. Òun nìkan. Kò sí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni tó lẹ̀ mọ́. Ó fi wọ́n sílẹ̀ pátápátá, ó gbapò kìn-ín-ní, wọ́n gbé ẹ̀wù olórí eré wọ̀ ọ́. Aláriwo, ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn, jó títí bàtà rẹ̀ kan fi yọ. Eégbọn ti di ẹkùn!

Nírọ̀lẹ́, Àǹtí Elépo fa aṣọ fèrèsé. Ó bu omi fún àbúrò rẹ̀. Ìyẹn na ọwọ́ òsì, ó gbà á.

"Ọwọ́ òsì lo fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ mi? Ẹ̀wù ọjọ́ kan ti ń gùn ẹ́?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi."

Kò pààrọ̀ ọwọ́.

Àǹtí Elépo rẹ́rìn-ín, ó da òróró sọ́wọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ti bẹ̀rẹ̀. Àpá kan wà lẹ́yìn ojúgun yẹn láti kékeré. Irin eléyín tó ń fa ṣéènì kẹ̀kẹ́ ló gé e jẹ, òun fúnra rẹ̀ ló fi aṣọ dì í lọ́jọ́ náà. Ìka rẹ̀ wá a. Kò sí níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́.

Ó bọ́ sí ẹsẹ̀ òsì. Àpá wà níbẹ̀. Ojú eyín rẹ̀ pé.

Ẹ bá mi rò ó. Ọ̀tún ni ṣéènì kẹ̀kẹ́ wà. Ibo ló ti rí ẹsẹ̀ òsì gé jẹ?

Òróró ń kán sílẹ̀. Tó. Tó.

"Nínú ihò yẹn," ó rọra sọ ọ́, "ta lo tẹ̀ lé?"

Ẹni orí tábìlì ò gbójú sókè.

"N ò tẹ̀ lé ẹnì kankan, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi lẹnìkan ń tẹ̀ lé."

Àǹtí Elépo ò mọ bí òun ṣe dé yàrá oúnjẹ. Aláriwo ń gé ẹran.

"Ọ̀gá, ẹni yẹn kì í ṣe àbúrò mi. Àpá ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣí lọ sí ẹsẹ̀ kejì."

"Bó bá wù ú kó ṣí lọ síwájú orí! Àǹtí Elépo, bí kì í bá ṣe àbúrò yín mọ́, ẹ fún mi, mo ti mú un."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ò rẹ́rìn-ín. Bàbá Agbálẹ̀ ni, bàbá àgbà tó ń wa ọkọ̀ tó máa ń kẹ́yìn eré, tó ń gbá àwọn tó bá rẹ̀ jọ lójú ọ̀nà. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó tẹ̀ lé Àǹtí Elépo jáde.

"Ọmọ mi, ẹnìkan kù lẹ́yìn. Mo gbọ́ ìró ṣéènì nínú ihò yẹn. Mo tanná, n ò rí nǹkan kan. Wọ́n ní lórí rédíò pé gbogbo èèyàn ti pé, kí n máa bọ̀."

"Ẹ pè é?"

"Mo pè é. Ó ní òun ń bọ̀." Bàbá wo ilẹ̀. "Ohùn rẹ̀ ò jìnnà. Ṣùgbọ́n kò sún mọ́ mi."

Lọ́jọ́ kejì, eré á kúrò nílùú náà, kò tún ní gba òkè yẹn mọ́. Bí ojúmọ́ ṣe ń là, Bàbá Agbálẹ̀ ti ń wa Àǹtí Elépo padà lọ. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹnu ihò tutù. Afẹ́fẹ́ ń jáde níbẹ̀, ó ń wọlé, bí ìgbà tí èèyàn ń mí. Ẹyẹ kan ò ké.

Kẹ̀rẹ̀rẹ̀. Kẹ̀rẹ̀rẹ̀.

"Eégbọn!"

Ìró náà dá.

"Ẹ̀gbọ́n mi?" Ohùn rẹ̀ ni, tòun ti bó ṣe máa ń fa imú. "Mò ń bọ̀. Ẹni tó wà níwájú mi yìí ni. Ó ní kí n ṣáà máa tẹ̀ lé òun."

"Yà kúrò lẹ́yìn rẹ̀! Ṣó o gbọ́?"

Ìró ṣéènì tún bẹ̀rẹ̀. Kẹ̀rẹ̀rẹ̀.

Fóònù Àǹtí Elépo dún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aláriwo ni.

"Níbo lẹ wà? Àbúrò yín ń dúró de omi rẹ̀. Ó ní kẹ́ ẹ kúrò lẹ́nu ihò yẹn kí òtútù má baà mú yín. Ihò wo ló ń sọ, jàre?"

Ó pa fóònù. Ó ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó fi ìka di ọrùn ike omi mú, ó dúró gẹ́gẹ́ bí ìgbà tó bá wà létí títì, ó na apá sínú òkùnkùn.

"Sáré wá gbà á! Máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi!"

Ìró ṣéènì ń sún mọ́. Ó sún mọ́. Ìka tútù kan kàn án lọ́wọ́. Ike já gbà. Afẹ́fẹ́ bí ti kẹ̀kẹ́ tó ń sáré gbá a lójú, ó sì kọjá síta.

Ó yíjú sójú ọ̀nà. Oòrùn àárọ̀. Òkúta. Kò sẹ́nìkan. Inú ihò náà ti dákẹ́.

Bàbá Agbálẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ti ṣí fìlà.

"Ta ló gbà á?"

Àǹtí Elépo yí ọwọ́ rẹ̀ sókè. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

"Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbà á, Bàbá."