Ọwọ́ Ṣìkẹ́mi Nínú Ọbẹ̀ Ìṣápá

Ọbẹ̀ tí Àṣàbí sè ní ọ̀sán Ọjọ́rú yẹn dùn, ohun tó sì bà á lẹ́rù nìyẹn.

Kì í ṣe pé ó dùn díẹ̀. Ó dùn débi pé Mojí, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún, tí kò jẹun tinútinú láti ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, fi ìka nu àwo, ó lá ìka, ó tún na àwo sí i pé kí ó bu òmíràn. Àṣàbí dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ìkòkò bí ẹni tó bá àlejò lórí ibùsùn rẹ̀. Ó mọ ara rẹ̀. Òun kọ́ ló lè se irú ọbẹ̀ yẹn.

Ká má purọ́, Àṣàbí kò mọ ọbẹ̀ sè. Obìnrin ọjà ni. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń ta ẹ̀wà àti ẹ̀gúsí nínú Ọjà Sabon Gari, ní Kánò, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ sì mọ̀ ni mudu, abọ́ tí wọ́n fi ń wọn ọkà lọ́hùn-ún. Á bu ẹ̀wà kún mudu, á fi ọwọ́ gé orí rẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, hóró kan kò ní lé, hóró kan kò ní dín. Ìdí ààrò kò gba irú ìyẹn. Ṣìkẹ́mi, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló ń dáná fún un láti kékeré. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti kọ́ ọ, kò sì fi nǹkan kan wọn nǹkan kan rí. Á ro ọbẹ̀ pọ̀, á kán an sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, á fi ahọ́n lá a, á dijú díẹ̀. Bó bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fi ṣíbí igi gbá etí ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹ́ta: kó, kó, kó. Ọbẹ̀ ti jinná nìyẹn.

Ìṣápá ni ọbẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá sè é rí mọ̀ pé ìṣápá kò ṣeé wọ̀n. Kíkan ti òní kọ́ ni kíkan ti ọ̀la. Ẹ ó bọ̀ ọ́, ẹ ó fún omi rẹ̀ dànù, ẹ ó tún fún un. Bí ẹ bá fún un jù, ó di koríko. Bí kò bá tó, á mú eyín kan. Ahọ́n nìkan ni adájọ́ rẹ̀.

“Ìyá mi, ẹ tọ́ ọ wò,” Ṣìkẹ́mi á wí.

“Ṣíbí iyọ̀ mélòó lo fi sí i?”

“Ẹ fi mudu yín sílẹ̀ lọ́jà o! Ọbẹ̀ kì í ṣe oníbàárà tí ẹ fẹ́ rẹ́ jẹ.”

Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Àṣàbí kò ní tọ́ ọ wò. Á jókòó, á jẹ, á sùn, á tún jí lọ sọ́jà. Ó rò pé àyè ṣì wà.

Ibà ló pa Ṣìkẹ́mi, nígbà tí ọyẹ́ ọdún 1979 ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin péré. Charles ọkọ rẹ̀, awakọ̀ ọ̀nà jíjìn, sin ín tán, ó gbé Mojí fún Àṣàbí, ó padà sídìí ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà ni Mojí kò ti jẹun mọ́. Wọ́n ra ìrẹsì fún un láti Zoo Road, wọ́n ra kósé, àkàrà gbígbóná, láti Gwagwarwa, ó kàn ń wò ó ni. Àṣàbí wá wọ ilé ìdáná fúnra rẹ̀. Agolo ẹ̀gúsí méjì, ṣíbí epo mẹ́ta, ṣíbí iyọ̀ kan, ó gé orí iyọ̀ náà pẹrẹsẹ. Ọmọ náà tọ́ ọ wò, ó tu ú sílẹ̀.

“Kaka, ba haka ba,” ó wí. Ìyá àgbà, kì í ṣe báyìí. Ọmọ tí wọ́n bí sí Kánò ni. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Hausa ló fi ń dáhùn.

Ojoojúmọ́ ni Àṣàbí ń sè é, ojoojúmọ́ ni Mojí ń tu ú. Egungun èjìká ọmọ náà ti yọ bí igi àgbékọ́ aṣọ. Àṣàbí ti sin ọkọ, ó ti pàdánù ọmọ. Bí eléyìí náà bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sí ohun tó ń jí lọ sọ́jà fún mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́rú yẹn kò pọ̀. Ó gbé ìkòkò kaná, ó jáde lọ pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ tó wà láàárín ọgbà. Bó ṣe ń gbé garawa bọ̀, ó gbọ́ ọ láti inú ilé ìdáná. Kó, kó, kó.

Ó wọlé. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, àfi Mojí tó jókòó sórí àpótí. Ṣíbí igi wà lórí ìdérí ìkòkò, ó ṣì ń kán epo. Àṣàbí wo ọwọ́ òsì ara rẹ̀, ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé garawa sílẹ̀. Ọbẹ̀ gbígbóná díẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

“Ta ló wọlé síbí?”

“Mama ce ta sa gishiri,” ọmọ náà wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Mama ló fi iyọ̀ sí i.

Àṣàbí gbá a létí. Lẹ́yìn náà ó gbé e mọ́ra, ó sì bu oúnjẹ fún un.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó tún dáná. Ó di iyọ̀ mú lókè ìkòkò, ó fẹ́ jù ú sí i, ni ọwọ́ kan bá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù bí omi inú àmù láàárín ọyẹ́. Kò rí ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹlòmíì ì bá ṣe ni kó figbe ta, kó sá jáde, kó lọ pe pásítọ̀. Àṣàbí dúró. Ó mọ àwọn ìka wọ̀nyẹn, òun ló gé èékánná wọn ní kékeré.

Ọwọ́ náà yí àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ sókè. Ọbẹ̀ kán sí i. Àṣàbí lá a.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó gbọ́ ohun tí ọbẹ̀ ń wí. Kíkan ìṣápá kọ́kọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ ahọ́n rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀gúsí tẹ̀ lé e, ó bò ó bí aṣọ. Ata dúró sẹ́yìn, nínú ọ̀fun. Láàárín gbogbo wọn, àyè kan ṣófo. Ibẹ̀ ni iyọ̀ máa jókòó sí. Ó ju díẹ̀ sí i. Ọwọ́ náà kò tíì fi í sílẹ̀. Ó tún ju díẹ̀. Ọwọ́ náà fi í sílẹ̀.

Báyìí ló ṣe kọ́ ọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ó wá ń tètè pa ìsọ̀ rẹ̀ dé. Bushrat aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́: “Ìyá Ṣìkẹ́mi, aago mẹ́ta ò tíì lù o. Àbí ẹ ti ní ọkọ tuntun nílé ni?”

“Máa ta ata ẹ,” Àṣàbí dá a lóhùn, ó sì lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣìkẹ́mi rẹ̀ wà nílé, ó ń retí rẹ̀. Ta ló máa sọ irú ìyẹn kí wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Ṣùgbọ́n Mojí kò sanra. Ó ń jẹ, àwo ń ṣófo, síbẹ̀ ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Àṣàbí fi ojú sí i. Apá kan àwo ni ọmọ náà ti ń jẹ, kì í kọjá àárín. Apá kejì náà ń lọ sílẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ọkà inú mudu tó lu. Ọwọ́ Mojí wá ń tutù, nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ajé kan, ó dìde lórí oúnjẹ, ó gbé àwo, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà ọgbà.

“Níbo lò ń gbé e lọ?”

Ọmọ náà ní Mama ló ní kí òun bá a gbé e lọ sílé rẹ̀. Ó ní Mama ti wà níta, ó ń dúró de òun.

Rahinat ló dá a dúró. Ará Ìlọrin ni, ó ń rán fìlà nínú yàrá tó kọjú sí ti Àṣàbí. Ó gba àwo lọ́wọ́ ọmọ, ó gbé ọmọ fún ọkọ rẹ̀, ó sì fa Àṣàbí wọnú ilé ìdáná. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

“Ìyá Ṣìkẹ́mi, ẹ má bínú. Ta lẹ máa ń bá sọ̀rọ̀ níbí?”

Àṣàbí gbé ìdérí bo ìkòkò.

“Mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo ọgbà ti gbọ́ òórùn ìṣápá yẹn. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó ń sè é bẹ́ẹ̀.” Ó nu ojú. “Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ò sí níbi ìsìnkú.”

“Báwo ni n ó ṣe wà níbẹ̀? Òbí kì í rí sàréè ọmọ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Inú yàrá ni wọ́n dì yín mú sí. Èmi ni mo gbé Mojí dání. Nígbà tí pásítọ̀ gbàdúrà tán, Bàbá Richard, àgbà àwọn ará ìlú yín, ní ọmọ ni kó bu erùpẹ̀ sí i, kó sọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ máa ń sọ fún òkú. Ó ń sọ ọ́ kí Mojí máa tẹ̀ lé e: bí o bá délé, má jẹ ọ̀kùn, má jẹ ekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́hùn-ún ni kí o bá wọn jẹ. Ọmọ ò tẹ̀ lé e. Ó bu erùpẹ̀, ó fi Hausa sọ tirẹ̀. ‘Mama, ki dawo gida, mu ci abinci.’ Mama, padà wálé, ká jẹun. A bú sẹ́kún. A ní ọmọdé ni. Kò sẹ́ni tó ní kó tún un sọ. Bí wọ́n ṣe bo ilẹ̀ nìyẹn.”

Àṣàbí gbé ọwọ́ lé orí. Òkú kò ya ilé fúnra rẹ̀. Wọ́n pè é wá jẹun ni, ó sì wá, bí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá pè ṣe ń wá.

“Ẹni tó bá òkú jẹ àwo kan náà pẹ́, ó máa bá a lọ ni,” Rahinat wí. “Ẹ̀yin lẹ bí i. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà fún un.”

“Jẹ́ kí n kọ́kọ́ se ọbẹ̀ alẹ́ yìí.”

“Ìyá Ṣìkẹ́mi.”

“Mo ní kí o jẹ́ kí n sè é.”

Rahinat jáde. Àṣàbí dá iná. Ó bọ ìṣápá, ó fún un, ó tún fún un, kò kánjú. Ìgbà tó kan iyọ̀, ọwọ́ tútù náà dé. Wọ́n jọ tọ́ ọ wò. Ọbẹ̀ náà kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Àṣàbí gbọ́ kó, kó, kó, ó sì mọ̀ pé kò sí ohun tí òun tún lè fi tì í síwájú.

“Ṣìkẹ́mi,” ó wí. “Èmi ìyá ẹ ni. Wọn ò sọ ọ́ fún ẹ dáadáa. Bí o bá délé, má jẹ ọ̀kùn, má jẹ ekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́hùn-ún ni kí o bá wọn jẹ.”

Iná lọ sílẹ̀. Ọwọ́ náà di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin, bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọ inú èrò ọjà. Ohùn kan wá sétí rẹ̀, ó kéré, kò bínú.

“Ìyá mi, wọn kì í jẹun lọ́hùn-ún.”

Àṣàbí fi ọwọ́ kejì di ògiri mú. Láàárín ọgbà, ó gbọ́ tí Mojí ń sunkún pé òun fẹ́ bá Mama òun lọ. Ó pa ojú dé. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó la ẹnu rẹ̀ dáadáa, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń sọ iye ọjà fún oníbàárà tó ń bẹ̀bẹ̀: má jẹ ọ̀kùn, má jẹ ekòló. Kò dín in.

Ìka kan fi í sílẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Atàǹpàkò ló kẹ́yìn.

Ó da ọbẹ̀ náà sẹ́yìn ilé, ó fi iyanrìn bò ó. Èyí tó sè lọ́jọ́ kejì kan jù, iyọ̀ rẹ̀ sì pọ̀. Mojí tu ú, ó sunkún. Ní ọjọ́ kẹta, ebi borí ẹkún, ó da omi sí i, ó jẹ ẹ́. Nígbà tí Àjíǹde fi dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti padà.

Ọdún méje lọ. Ahọ́n Àṣàbí ń kọ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mojí ti ga dé èjìká rẹ̀, òun ló ń bá a fún ìṣápá. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, Àṣàbí kán ọbẹ̀ sọ́wọ́, ó lá a, ó sì dúró sójú kan. Ó ti dé ibẹ̀ gan-an. Àyè tó ṣófo ti kún. Òórùn rẹ̀ ti gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó ti gba orí ògiri ọgbà kọjá, ó ń lọ.

Àṣàbí ronú nípa ẹni tí ebi ń pa lọ́hùn-ún, àti ibi tí òórùn máa ń dé.

Ó bu ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀, ó dà á sí ìkòkò.

“Kaka!” Mojí kígbe. “Ó ti dùn tẹ́lẹ̀!”

“Mo mọ̀,” Àṣàbí wí, ó sì rò ó pọ̀.