Ogójì Òwúrọ̀ ní Ilé Bàbá Ìjọ

Inú omi ni Bámidélé ti kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin náà. Omi náà mù ún dé orúnkún, orí máṣíìnì ìránṣọ wà lórí rẹ̀, bàtà rẹ̀ wà lábẹ́ abíyá, àpò kan wà léjìká rẹ̀, orin ìjọ sì wà lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tí ayé kò ṣẹ̀ rí.

Oṣù kìíní ọdún 1975 ni. Odò Ọya ti fà, ọkọ̀ fẹ́rì tó ń ti Ṣíntákù ní òdìkejì odò bọ̀ sì ti gun òkìtì iyanrìn nígbà tí èbúté Lọ́kọ́ja ti hàn kedere. Àwọn èrò ń bú awakọ̀. Wọ́n ń bú ìjọba. Ẹlẹ́ja kan ń fi èdè Núpé ṣépè fún iyanrìn. Ọmọbìnrin yìí nìkan ló ká ìró rẹ̀ sókè, tó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé bàbá rẹ̀.

Bámidélé yọrí jáde láti ibi ẹ́ńjìnnì, gírísì dé e ní ìgbọ̀nwọ́. Òun ni mẹkáníìkì ọkọ̀ náà. Ó di sípánà mú, ó sì gbàgbé ohun tó fẹ́ fi í tú.

"Ẹ̀yin mẹkáníìkì," ọmọbìnrin náà wí bó ti bojú wẹ̀yìn, "ṣé wíwò lẹ máa fi tú ọkọ̀ yìí sílẹ̀?"

"Mo ń wò ó bóyá kí n bá ọ gbé ẹrù ni."

"Pẹ̀lú ọwọ́ yẹn? Aṣọ funfun àwọn akọrin ló wà nínú àpò mi. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, gbogbo akọrin á di mẹkáníìkì lọ́jọ́ Ìsinmi."

Bùràímọ̀, ọ̀rẹ́ Bámidélé tó ń di okùn ọkọ̀, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ọmọ àwọn oníṣòwò Ìlọrin tó ti pẹ́ ní Lọ́kọ́ja ni, ọ̀rọ̀ kì í sì í wọ́n ọn. "Bámidélé," ó ní, "ọkọ̀ ló há ni, àbí ìwọ?"

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Bámidélé ti wádìí. Bọ́sẹ̀dé ni wọ́n ń pè é. Aránṣọ ni, ọmọ Bàbá Ìjọ ní àdúgbò Àdánkọ́lọ́, àwọn ará Òwòrò tó ti orí òkè Agbájá sọ̀ kalẹ̀ wá sílùú. Láti ìgbà náà ni ṣòkòtò Bámidélé ti ń ya ní gbogbo Sátidé.

Ní Sátidé kẹrin, Bọ́sẹ̀dé gbé ṣòkòtò náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, aṣọ yìí kò gbó. Bíléèdì lẹ fi là á."

"Ẹ̀kúté ló jẹ ẹ́."

"Ẹ̀kúté yín mà mọ ojú rírán o. Ẹ ní kó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi."

Báyìí ni wọ́n ṣe lo ọdún kan, pẹ̀lú àwàdà àti abẹ́rẹ́, títí tí Bámidélé kò fi ní ṣòkòtò tó dá pé mọ́. Nígbà tí ó rí i pé òun kò lè máa ya aṣọ títí ọjọ́ ogbó, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá Ìjọ.

Bàbá náà kò ní kó dìde kíákíá. "Òkun o," wọ́n ní, bí àwọn ará ilé wọn ṣe ń kí ara wọn. "Ṣé o máa ń gbàdúrà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Ìdajì òtítọ́ ni. Ó máa ń gbàdúrà bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ tí kò jí.

"Ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi, olórí ilé ló fẹ́ dà. Mo fẹ́ gbọ́ bí olórí ilé náà ṣe ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ààwẹ̀ Lẹ́ńtì títí dé Àjíǹde, ìwọ ni wàá máa darí àdúrà òwúrọ̀ ilé yìí. Ogójì òwúrọ̀, láìka ọjọ́ Ìsinmi mọ́ ọn. Bí o bá parí rẹ̀, kí àwọn ẹbí rẹ máa bọ̀. Bí o kò bá parí rẹ̀, kí ìwọ àti Bọ́sẹ̀dé máa kí ara yín lójú títì."

Nígbà tí Bùràímọ̀ gbọ́, ó fọwọ́ lérán. "Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ fún ogójì ọjọ́, wọ́n á fún ọ níyàwó. Láti kékeré ni mo ti ń kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún, kò tíì sẹ́ni tó fún mi ní adìyẹ."

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, Bámidélé dé pẹ̀lú Ìwé Àdúrà tó yá. Fìtílà ń rú èéfín. Ó ṣí ìwé náà níbi tí ọ̀rọ̀ ti pọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á pẹ̀lú ohùn ńlá. Ó dúpẹ́ nítorí obìnrin ilé yìí. Ó dúpẹ́ pé Olúwa yọ ọ́ nínú ewu ìrọbí. Ó tọrọ kí ọmọ tuntun náà dàgbà.

Ìyá Bọ́sẹ̀dé fi etí gèlè bo ẹnu. Èjìká Bọ́sẹ̀dé ń mì. Nígbà tí àdúrà parí, kò sẹ́ni tó lè ṣe àmín.

"Bámidélé," Bàbá Ìjọ bi í, "ta ló bímọ?"

"Bàbá, mo ṣí ibi tí kò yẹ ni."

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀dé ti lé lọ́gọ́ta ọdún."

Bọ́sẹ̀dé sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ewu ọmọ o." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè parí rẹ̀ fún ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ fi ìwé sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ẹ bá rí lójú ọ̀nà bí ẹ ti ń bọ̀, ẹ sọ ìyẹn fún Ọlọ́run."

Ó gbìyànjú rẹ̀. Nígbà tí yóò fi tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti mọ Sáàmù mẹ́fà lórí, ẹnu rẹ̀ sì ti dá ṣáká. Àwọn aládùúgbò a máa dúró lẹ́bàá fèrèsé láti gbọ́ ọ. Síbẹ̀, ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé etí Bọ́sẹ̀dé ni òun ń gbàdúrà sí.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, lẹ́yìn tó ti àdúrà dé ibi iṣẹ́, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì fa ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wọlé. Ìka méjì lọ. Wọ́n dì í fún un nílé ìwòsàn. Àwọn tó ni ọkọ̀ sì ní kó máa lọ sílé, nítorí mẹkáníìkì tí kò lè di sípánà mú kò wúlò fún àwọn.

Ní ọjọ́ kejì, Bámidélé kò lọ sí Àdánkọ́lọ́. Kò lọ ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Kò lọ ní ọjọ́ tó tún tẹ̀ lé ìyẹn. Ó dùbúlẹ̀ nínú yàrá tó háyà ní agboolé àwọn Bùràímọ̀, ó kọjú sí ògiri.

"Wọ́n ń retí rẹ," Bùràímọ̀ wí.

"Kí n lọ sọ kí ni? Kí n máa dúpẹ́?"

Bùràímọ̀ gbé àwo ẹ̀kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀, ó sì jáde.

Ní òwúrọ̀ kẹrin, orin ló jí Bámidélé. Ó rò pé àlá ni. Ó ṣílẹ̀kùn. Bàbá Ìjọ dúró lágbàlá pẹ̀lú fìtílà, Ìyá Bọ́sẹ̀dé ru ẹní, Bọ́sẹ̀dé gbé Bíbélì mọ́ àyà. Ìyá Bùràímọ̀, tó ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́, sún kẹ́tùlù wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń fọwọ́ júwe ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ fún àwọn àlejò kí wọ́n tẹ́ ẹní sí.

"Òkun o, Bámidélé," Bàbá Ìjọ wí. "Ẹni tó ń darí àdúrà wa kò wá, ni a bá gbé àdúrà tọ̀ ọ́ wá."

"Bàbá, n kò ní àdúrà kankan."

"Sọ bẹ́ẹ̀ fún Ọlọ́run."

Bàbá náà rọra jókòó lórí ẹní, eegun wọn ń dún. "Nígbà tí àwọn ọmọ mi méjì àkọ́kọ́ kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọdún kan gbáko ni n kò fi gbàdúrà. Ìyá yìí ló ń tan fìtílà láràárọ̀. Á jókòó tì mí. Kì í sọ nǹkan kan. Bámidélé, kì í ṣe pé mo fẹ́ mọ̀ bóyá o mọ̀wé kà. Mo fẹ́ mọ ibi tí wàá yà sí lọ́jọ́ tí ẹnu rẹ bá gbẹ."

Bámidélé kúnlẹ̀.

"Olúwa, inú ń bí mi. Ìka tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ló ń ro mí. N kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Gbogbo òwúrọ̀ tí mo ti ń sọ̀rọ̀ níwájú rẹ, Bọ́sẹ̀dé ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí. Má fi mí sílẹ̀."

Omi ti bo ojú rẹ̀, kò sì bìkítà ẹni tó ń wò ó. Àmín Bọ́sẹ̀dé ló kọ́kọ́ gbọ́.

Láti ọjọ́ náà, àdúrà rẹ̀ kúrú. Àwọn aládùúgbò kò dúró lẹ́bàá fèrèsé mọ́. Ó lè dúpẹ́ nítorí òjò àkọ́kọ́. Ó lè dúpẹ́ nítorí àtàǹpàkò, pé bí kò bá sí i, kò sí bí èèyàn ṣe lè di nǹkan mú. Ìgbà mìíràn, ó kàn máa ń sọ pé, "Olúwa, ó ṣì ń dùn mí o, àmọ́ mo dé." Ohun kan ń balẹ̀ nínú rẹ̀ tí kò balẹ̀ rí, àní nígbà tí iṣẹ́ wà.

Lọ́jọ́ kan, máṣíìnì Bọ́sẹ̀dé kọ iṣẹ́. Bámidélé fi ọwọ́ òsì tú u, ó nù ún, ó tò ó padà.

"Ọwọ́ òsì yín mà níwà ju ọ̀tún lọ," Bọ́sẹ̀dé wí. "Kò da gírísì sí mi láṣọ."

"Ìwọ ló kọ́ ọ níwà, olólùfẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Bọ́sẹ̀dé tẹ orí ba, ó ń wá abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn aránṣọ Àdánkọ́lọ́ fi ń gbé máṣíìnì tiwọn wá, lẹ́yìn wọn ni àwọn télọ̀ ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, títí ẹ́ńjìnnì ìlọta fi ń tò síwájú yàrá Bámidélé.

Ọdún Àjíǹde dé. Gbogbo ìjọ ń yọ̀, àmọ́ Bámidélé ń fi ìka ka òwúrọ̀. Lẹ́yìn ìsìn, ó tọ Bàbá Ìjọ lọ.

"Bàbá, mẹ́tàdínlógójì péré ni mo ṣe. Ó ku mẹ́ta."

"Èmi náà mọ̀ ọ́n kà. Wá lọ́la."

Kò sùn dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dé, ó kúnlẹ̀ sí ipò rẹ̀, ó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ìjọ gbọ́wọ́ sókè.

"Òwúrọ̀ mẹ́ta tí o kò wá, Bọ́sẹ̀dé kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan àdúrà náà. Òun ló gbà á ní orúkọ rẹ. Ó ní bó bá rẹ ẹnì kan, ẹnì kejì ló yẹ kó gbé e. Mo bi ara mi pé kí ni mo tún fẹ́ rí nínú ilé tí ẹ máa kọ́? Ogójì ti pé kí Àjíǹde tó dé. Òun náà ló ní òun máa gbàdúrà lónìí."

Bọ́sẹ̀dé di ojú.

"Olúwa, o rí ọkùnrin tó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí. Ó ti bá bàbá mi sọ̀rọ̀, ó ti bá ọ sọ̀rọ̀, àmọ́ kò tíì bi mí léèrè fúnra mi. Bó bá béèrè, mo ti gbà. Bí ojú bá tì í tí kò lè béèrè, mo ti gbà náà. Fún wa ní ilé, kí ìwọ fúnra rẹ sì máa bá wa gbé ibẹ̀."

"Àmín," ni Ìyá Bọ́sẹ̀dé wí kí Bọ́sẹ̀dé tó la ojú.

Bàbá Ìjọ wúkọ́. Wọ́n wo àjà. "Àmín," wọ́n wí níkẹyìn. "Bámidélé, a kò tíì gbọ́ tìrẹ."

Bámidélé la ojú. Bọ́sẹ̀dé ti na ọwọ́ sí i, ọwọ́ ọ̀tún Bámidélé gan-an ni ó sì ń béèrè. Ó gbé e fún un bó ṣe wà, ìka mẹ́ta. Bọ́sẹ̀dé dì í mú bí ẹni pé márùn-ún ni.

"Àmín," Bámidélé ní.